Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: bóòtì ọjọ́ kan fún ẹbí l'Ékòó, ká lúwẹ̀ẹ́, ká jẹun ọ̀sán nínú rẹ̀

ÌyáTòmíwá (Ọjọ́rú, 8:12 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ọdún Kérésì ló gbé mi wá. Àbúrò mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ọmọ wọn méjì, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi pé àwọn ò wá jókòó sílé wo tẹlifíṣọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ fi fọ́tò ránṣẹ́ láti Fethiye ní ilẹ̀ Tọ́kì. Wọ́n gun ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọkọ̀ á dúró, àwọn ọmọ á bẹ́ sómi, wọ́n á gbéra, wọ́n á jẹun ọ̀sán nínú ọkọ̀ náà, wọ́n á tún bẹ́ sómi. Ó ní irú ẹ̀ gan-an lòun fẹ́ ká ṣe l'Ékòó.

Àwa mẹ́wàá ni: àgbà márùn-ún, ọmọ márùn-ún. Màmá wa tó jẹ́ ẹni ọdún 71 wà nínú àwọn àgbà, ọmọ mi tó kéré jù sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù nìkan ló gba ẹ̀kọ́ omi wíwẹ̀. Ní tèmi, bómi bá ti kọjá orúnkún, mo ti ń ké pe Jésù.

Ta ló ti ṣe é rí? Níbo lẹ ti gbéra? Níbo lẹ ti wẹ̀? Kí lẹ jẹ?

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó (8:40 àárọ̀)

Etíkun Tarkwa Bay. Ó parí.

Kò sí títì tó débẹ̀, omi nìkan lọ̀nà. Ẹ lè wọ bóòtì ní jẹ́tì CMS, ẹ sì lè wọ̀ ọ́ ní jẹ́tì Five Cowries ní Falomo. Ẹ mú ṣéńjì dání o, torí ẹ óò rẹ́ni tí yóò háyà àga fún yín, ẹ óò rẹ́ni tí yóò háyà agboòrùn, ọmọ kékeré kan á sì tún yọ látẹ̀yìn pé òun lòun bá yín gbé kúlà.

AraKẹ́ńtì (9:25 àárọ̀)

Mo ti ṣe ti Fethiye yẹn lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú àwọn ọmọ mi, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé kí ìyàwó àbúrò yín má baà fi fọ́tò tàn yín.

Ọkọ̀ onígi alájà méjì ni, gulet ni wọ́n ń pè é. Wọ́n tẹ́ tìmùtìmù sórí òrùlé káàkiri, ibẹ̀ lèèyàn á sùn gbalaja sí. Nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ la gbéra, a dúró níbi márùn-ún, a sì padà nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù. Ní erékùṣù Yassıca, omi ò ju àyà ọmọ mi lọ, ẹ óò sì máa rí ìka ẹsẹ̀ yín nísàlẹ̀. Ibì kan tún wà tí ilé àtijọ́ ti rì sómi, àwọn èèyàn á máa lúwẹ̀ẹ́ láàárín ògiri rẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán jẹ́ ẹja tàbí adìyẹ yíyan, makaróní àti sàláàdì. Kò láta rárá. Ìyá mi tí mo mú lọ yọ ata gígún jáde nínú báàgì rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, nígbà tó máa fi jẹun tán, ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì méjì ti ń tọrọ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Inú apá òkun tí òkè àti erékùṣù yí ká ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo eléyìí. Atẹ́gùn ò ráyè dé'bẹ̀ dáadáa. Òkun ìhà ibẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ kún, kò fi bẹ́ẹ̀ fà, bí ẹ ṣe bá a láàárọ̀ lẹ óò ṣe fi í sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ọ̀gá ọkọ̀ á dákọ̀ ró, á pa ẹ́ńjìnnì, á sọ àkàbà sómi, ó tán. Mi ò mọ ibi tírú ẹ̀ wà l'Ékòó. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá wa sọ ọ́.

Awakọ̀Omi14 (12:03 ọ̀sán)

AraKẹ́ńtì ti fọba lé e. Bóòtì ni mò ń wà l'Ékòó láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, ohun tí mo sì fẹ́ sọ yìí, àwọn tó ń polówó ìgbafẹ́ orí omi kì í sọ ọ́.

A kì í bẹ́ láti inú bóòtì sáàárín ọ̀sà. Àwọn oníbàárà mi kan, pàápàá àwọn tó tòkè òkun dé, á ní kí n pa ẹ́ńjìnnì níwájú Marina káwọn ọmọ lè fò sí i. Mi ò ní pa á. Ojú ọ̀nà ọkọ̀ ńláńlá nibẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ tó kó kọ̀ǹténà, tó ń lọ sí Apapa, kò ní bíréèkì bíi ti mọ́tò, ẹni tó ń wà á lókè lọ́hùn-ún ò sì lè rí orí ọmọ kékeré nínú omi. Èyí tó tún burú ju ìyẹn ni pé ẹnu kan báyìí lomi ọ̀sà ń gbà jáde sókun níhà yìí, ẹnu náà sì fún. Commodore Channel ni. Bómi bá ti ń fà, gbogbo omi ọ̀sà ló ń rọ́ gba ibẹ̀. Ẹni tó mọ omi wẹ̀ dáadáa á máa lúwẹ̀ẹ́ lọ síwájú, ẹ̀yìn ni omi á máa gbé e lọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́, ẹni tó mọ odò wẹ̀ lodò ń gbé lọ. Ẹ tiẹ̀ fi ìdọ̀tí sílẹ̀ ná: ike, nylon, òṣíbàtà, epo.

Ìdí tí Tarkwa fi yàtọ̀ rèé. Láyé ọjọ́un, yanrìn máa ń dí ẹnu ọ̀nà Èkó, ọkọ̀ ńlá ò rí ibẹ̀ wọlé. Ní 1908, ìjọba àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sínú òkun kí yanrìn lè dúró sí àyè rẹ̀. Ògiri òkúta tó wà níhà ìwọ̀-oòrùn ló ń gba ìgbì sára kó tó dé Tarkwa. Ìyẹn ló jẹ́ kí omi ibẹ̀ rọlẹ̀ tó báyẹn. (Ìhà kejì ló fara gbá a o. Yanrìn ò ríbi kọjá mọ́, òkun wá ń jẹ etíkun Bar Beach lọ́dọọdún, títí wọ́n fi rọ́ iyanrìn dí i tó di àdúgbò tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic. Ẹni bá ti ju ẹni ogójì ọdún lọ á rántí bí omi ṣe máa ń kún Ahmadu Bello Way.)

Torí náà, ẹ má ṣe é bíi ti Tọ́kì. Inú bóòtì ni kẹ́ ẹ ti jẹun, etí omi ni kẹ́ ẹ ti wẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bóòtì gbé yín dé etí yanrìn, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sì kọjá ògiri òkúta lọ sí Lighthouse Beach torí pé ó lẹ́wà. Òkun gidi nìyẹn kọjú sí. Àwọn ọmọ tó ń fi pátákó gun ìgbì lẹ óò máa rí níbẹ̀, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ gbé yín, aago mẹ́jọ ààbọ̀ la ó gbéra. A ó rọra gba iwájú Marina àti Apapa kọjá káwọn ọmọ lè wo ọkọ̀ ńlá, a ó dé Tarkwa kí oòrùn tó mú, ẹ óò wẹ̀, ẹ óò jẹun nínú bóòtì bó bá ti dákọ̀ ró. Lẹ́yìn náà ni ká wá yà sí Ilashe ní ìhà odò. Ìhà odò ni mo wí o, torí ilẹ̀ tóóró ni Ilashe, òkun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ le. Aago márùn-ún, a ti dé. Ìjọba ò fàyè gba bóòtì akérò lálẹ́, ẹ má sì gbà fún ẹni tó bá ní òun mọ ẹnì kan ní jẹ́tì.

Gbẹ̀du_Ìkòròdú (12:30 ọ̀sán)

Pẹ̀lú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yìí, ṣé kò ní dáa kí wọ́n kúkú lọ sí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì? Ẹ san owó, ẹ wẹ̀, ẹ jẹ ìrẹsì, ẹ lọ sílé. Àwa Yorùbá kì í ṣe èèyàn omi.

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó (12:34 ọ̀sán)

Ìkòròdú lo wà, o ní a kì í ṣe èèyàn omi. Ìbèṣè ńkọ́? Báyékù ńkọ́? Lọ bá àwọn apẹja ibẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n fi àjẹ̀ bá ọ sọ̀rọ̀.

ÌyáTòmíwá (1:15 ọ̀sán)

Ọ̀gá Awakọ̀, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka tiyín sókè fún ọkọ mi, ó ní Tarkwa la ń lọ, ọ̀rọ̀ ti tán. Ìyàwó àbúrò mi ò tíì gbà. Ó ní "bẹ́ sómi láti inú bóòtì" ni gbogbo adùn ẹ̀.

Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń mú èèyàn léfòó. Ilé iṣẹ́ kan tí mo pè ní àwọn ní "fún gbogbo èèyàn". Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sìÀgbà (2:02 ọ̀sán)

Kò tó. Ẹ bi wọ́n pé mélòó ló jẹ́ tọmọdé. Ìwọ̀n kílò ẹni tó bá a mu máa ń wà lára rẹ̀, ẹ wo inú ọrùn. Bẹ́ ẹ bá ti wọ̀ ọ́ fún ọmọ tẹ́ ẹ sì so gbogbo okùn, ẹ di èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà mú lọ́tùn-ún lósì, kẹ́ ẹ fà á sókè. Bó bá gòkè dé etí ọmọ, ó ti tóbi jù. Tó bá dé inú omi, jákẹ́ẹ̀tì á léfòó, ọmọ á yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ lọ. Fún ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ wá èyí tó ní okùn tó gba àárín itan. Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti dán an wò, ní jẹ́tì, kẹ́ ẹ tó sanwó ìyókù. Róbà aláfẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fi sápá ọmọ, ohun ìṣeré ni.

Mo ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì rí, ohun kan tí mo máa ń sọ fáwọn ìyá ni pé ọmọ tó ń rì kì í pariwo. Ẹnu rẹ̀ ti wà nínú omi, kí ló fẹ́ fi pariwo? Ó lè wà níwájú àgbà mẹ́fà tó ń rojọ́. Torí náà, ẹ yan ẹnì kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò ní ṣe nǹkan mìíràn ju kó máa wo omi lọ. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fóònù, kò sì gbọdọ̀ bu ìrẹsì. Tí àkókò rẹ̀ bá pé, kó dárúkọ ẹni tó kàn, kí onítọ̀hún dáhùn kó tó dìde.

Òòyì ọkọ̀: ẹ má gbófo gùn ún, ẹ má sì yó bámúbámú. Ẹ lá atalẹ̀. Ẹni tóòyì bá ń kọ́ kó jókòó sápá ẹ̀yìn, kó máa wo òkèèrè. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lo oògùn, ẹ bi oníṣègùn òyìnbó nípa tàwọn ọmọ, kí wọ́n sì lò ó kẹ́ ẹ tó wọ bóòtì.

BàbáMòrẹ́ (4:48 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ jẹ́ n fi tèmi ṣàríkọ́gbọ́n fún yín. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, a háyà bóòtì kan, mi ò ní dárúkọ àwọn tó ni ín. Wọ́n ní ká san gbogbo owó tán, mo san án. Wọ́n gbé wa dé etíkun láàárọ̀, wọ́n ní aago mẹ́rin làwọn ń padà bọ̀. Aago mẹ́rin kọjá, ọkàn wa ò tíì mì. Aago márùn-ún kọjá. Fóònù awakọ̀ ò lọ. Ní aago mẹ́fà ku díẹ̀, tí àwọn tó ń háyà àga ti ń kó àga wọn, ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìyókù bísíkíìtì. Mẹ́sàn-án ló kù. Ó pín in fáwọn ọmọ mẹ́ta, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan, ojú yẹn ṣì wà lára mi.

Apẹja kan ló padà gbé wa. Oníbóòtì wa sọ lọ́jọ́ kejì pé òun rí èrò mìíràn gbé.

Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ san ìdajì, kí ìdajì kù títí ẹsẹ̀ yín á fi tẹ jẹ́tì nírọ̀lẹ́. Ẹ sì háyà bóòtì tó máa dúró tì yín jálẹ̀ ọjọ́. Èyí tó máa já yín sílẹ̀ lọ ò dáa.

ÌyáAlásè_Ṣómólú (7:20 alẹ́)

Ẹ ti sọ̀rọ̀ omi tán, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ikùn.

Bóòtì kì í ṣe gbọ̀ngàn ìnáwó. Mo ti rí ẹni tó gbé ẹ̀fọ́ rírò àti iyán wọ bóòtì, ọbẹ̀ wá pín ara rẹ̀ fún aṣọ gbogbo èèyàn. Ẹ se jọ́lọ́ọ̀fù kó gbẹ díẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí iná ni kẹ́ ẹ gbé e sínú kúlà tó mọ́, kẹ́ ẹ fi fọ́ìlì bò ó, kẹ́ ẹ ká tówẹ̀lì lé e. Ooru á ṣì máa yọ lára rẹ̀ ní aago kan ọ̀sán. Ẹ má jẹ́ kó kọ́kọ́ tutù, ìrẹsì lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú oòrùn ló ń dá inú rú. Adìyẹ dindin, asun, mọ́ínmọ́ín ewé. Mọ́ínmọ́ín ló dáa jù nínú gbogbo wọn, kálukú á mú tiẹ̀, ewé ni àwo. Sàláàdì oníkírímù, ẹ fi sílé. Ẹja eléegun fáwọn ọmọ nínú ọkọ̀ tó ń mì, ẹ fi sílé.

Kúlà ohun tútù lọ́tọ̀, torí gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n á máa ṣí i. Omi mímu, ẹ rò ó, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Kẹ́ ẹ sì gbé nylon ńlá fún ìdọ̀tí yín dání. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ wẹ̀ tán kí wọ́n tó jẹun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ò ní jẹ.

ÌyáTòmíwá (9:05 alẹ́)

Olúwa á bù kún yín. Ọ̀rọ̀ kan ló kù: màmá wa. Ìlàjẹ ni wọ́n, Ayétòrò tó wà létí òkun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n ò tíì gun ọkọ̀ omi láti ọjọ́ tí wọ́n ti sìnkú bàbá wọn. Mo ní kí wọ́n sinmi sílé, wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ ó máa sinmi." Ṣé kò léwu?

Awakọ̀Omi14 (9:11 alẹ́)

Ọmọ Ayétòrò? Màmá ni kẹ́ ẹ fi ṣe ọ̀gá ọkọ̀. Ẹ ṣáà ní kí ọmọkùnrin kan di ọwọ́ wọn mú tí wọ́n bá ń wọlé àti tí wọ́n bá ń jáde, ibẹ̀ làgbàlagbà ti ń ṣubú. Kí wọ́n jókòó sí ìhà ẹ̀yìn, iwájú ló ń fò.

ÌyáTòmíwá (Ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù Kejìlá, 3:30 ọ̀sán)

Ẹ ẹ̀ kú ọdún o! A ti lọ, a ti bọ̀, gbogbo wa pé.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ la fẹ́ gbéra, aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú la gbéra. Ọyẹ́ bolẹ̀, a ò rí òdìkejì dáadáa, awakọ̀ ní òun ò lọ àfi tójú bá là. Inú bí ọkọ mi. Inú tèmi dùn, mo ní ẹni tó lè sọ fóníbàárà pé rárá nìyí. Kó tó dìgbà yẹn, mo ti fa jákẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ sókè níkọ̀ọ̀kan bí Nọ́ọ̀sìÀgbà ṣe wí. Méjì kọjá etí. Wọ́n lọ mú kékeré wá láti inú ilé kan lẹ́yìn jẹ́tì, èyí tó fi hàn pé wọ́n ní in tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn ń wò mí ni.

Ọkọ̀ ńlá kan kọjá lára wa níwájú Apapa, kò tiẹ̀ sún mọ́ wa. Bí ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tó lọ, ìgbì rẹ̀ dé. Bóòtì gbé wa sókè, ó sọ̀ wá kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Láti ìgbà yẹn, ìyàwó àbúrò mi ò dárúkọ bíbẹ́ sáàárín omi mọ́. Ta ló bì? Àbúrò mi tó ti gun ọkọ̀ Tọ́kì.

Omi Tarkwa ò mọ́ gaara bíi ti fọ́tò yẹn, ẹ má jẹ́ n purọ́. Ó tutù díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó ń pọ́n. Ṣùgbọ́n ó rọlẹ̀. Àwọn ọmọ wẹ̀ títí ètè wọn fi gbẹ. Gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la ń dárúkọ ara wa bí àwọn ọmọ ogun. Mọ́ínmọ́ín tán kí jọ́lọ́ọ̀fù tó bẹ̀rẹ̀. A ò dé Ilashe, kò sẹ́ni tó fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Màmá ńkọ́? Wọ́n jókòó sórí yanrìn fún bíi wákàtí kan, wọ́n ń wo ọmọ mi kékeré tí ìyàwó àbúrò mi ń kọ́ ní omi wíwẹ̀, tí ń fẹsẹ̀ lu omi pàkàpàkà. Wọ́n dìde, wọ́n so ìró wọn le, wọ́n rìn wọlé títí omi fi dé ìgbáròkó wọn. Wọ́n ní, "Gbé e fún mi. Ọmọ yìí ń bá omi jà." Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ ìpàkọ́ ọmọ náà, wọ́n ní kó wo sánmà, kó ka ẹyẹ. Ó ka ẹyẹ méjì. Nígbà tó máa fi dé ẹyẹ kẹta, màmá ti yọ ọwọ́ kúrò, kò mọ̀. Jákẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn rẹ̀ o, Nọ́ọ̀sìÀgbà, ẹ má bínú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá tò sílà pé ó kàn àwọn. Ìyá wọn tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù tò sẹ́yìn wọn.

AraKẹ́ńtì (3:52 ọ̀sán)

Fọ́tò dà?

ÌyáTòmíwá (4:10 ìrọ̀lẹ́)

Kò sí fọ́tò. Èmi ni mò ń wo omi nígbà yẹn, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fóònù.

Ọ̀gá Awakọ̀, màmá ní kí n bi yín. Ṣé irú bóòtì yẹn lè gbé èèyàn dé Ayétòrò? Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé òkun ti gbé àdúgbò àwọn lọ, àwọn fẹ́ lọ fojú ara àwọn rí i.

Awakọ̀Omi14 (4:31 ìrọ̀lẹ́)

Bóòtì ìgbafẹ́ Èkó kọ́. Ọ̀nà jìn, òkun gbangba sì ni. Mọ́tò ni kẹ́ ẹ wọ̀ dé Ìgbókọ̀dá, jẹ́tì ibẹ̀ ni bóòtì Ìlàjẹ ti ń gbéra. Ẹ lọ láàárọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún màmá, òkun ti gba ilé púpọ̀ níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá lọ.

ÌyáTòmíwá (4:33 ìrọ̀lẹ́)

Àbúrò mi ní òun á tẹ̀ lé wọn. Ó ti ń wá atalẹ̀.